Ìbò ìsàlẹ̀ lórí Lemmy, PieFed àti àwọn ará wọn: ohun tí ẹ máa ń bi mí

Láti ìgbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ti ń bójú tó ẹgbẹ́ kékeré kan tí a ti ń kọ Yorùbá lórí Lemmy, ìyẹn ibi ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó jọ Reddit, ìbéèrè kan ló ń wọlé sọ́dọ̀ mi jù, ẹnu tí wọ́n fi ń bi í ló yàtọ̀: "Àwọn wo ló ń tẹ ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀, kí ni mo ṣe fún wọn?" Mo ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí, kí ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lóru lè rí nǹkan kà kó tó fi ìbínú pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́.

Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní downvote, ìbò ìsàlẹ̀ ni mo pè é níbí. Upvote ni ìbò òkè. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àkáǹtì yín tàbí ẹgbẹ́ yín ń gbé lórí rẹ̀.

Kí ni ìbò ìsàlẹ̀ gan-an?

Ọfà kékeré tó dojú kọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósìtì tàbí èsì ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, iye tó wà lára ọ̀rọ̀ náà á fi ẹyọ kan dín. Ẹni tó ti Nairaland wá lè má mọ̀ ọ́n, torí Like àti Share ni wọ́n ní níbẹ̀. Ẹni tó ti Reddit wá mọ̀ ọ́n dáadáa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣí wá lọ́dún 2023, nígbà tí Reddit bu owó gọbọi lé API rẹ̀ (ẹnu ọ̀nà tí áàpù àwọn ẹlòmíràn ń gbà wọ Reddit), tí áàpù bíi Apollo tí wọ́n fi ń ka Reddit sì kógbá wọlé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ni kó máa ti ohun tí kò bá ibẹ̀ mu sísàlẹ̀: ìpolówó jìbìtì, irọ́, ọ̀rọ̀ tó yà bàrá kúrò nínú ohun tí à ń sọ. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í ṣe ni "èmi ò gbà fún ẹ". Àárín iṣẹ́ méjèèjì yìí ni gbogbo ìjà ti ń ṣẹlẹ̀.

Kí ló mú ti Lemmy yàtọ̀ sí ti Reddit?

Ilé kan ṣoṣo ni Reddit. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti ń ka gbogbo ìbò, ilé-iṣẹ́ kan ló ni ìwé ìbò, òun ló sì ń pinnu ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2014 ni wọn ò ti fi iye ìbò òkè àti ti ìsàlẹ̀ hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. YouTube náà fi iye ìbò ìsàlẹ̀ pamọ́ fún aráyé ní oṣù kọkànlá ọdún 2021.

Lemmy ò rí bẹ́ẹ̀. Sọ́fíwíà ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ẹnikẹ́ni sì lè gbé e sórí sáfà tirẹ̀. Lemmy.ml jẹ́ sáfà kan, lemmy.world jẹ́ òmíràn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló tún wà tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta péré ń gbé lórí wọn. Èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ActivityPub, tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ìkànnì ayélujára, fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2018. PieFed àti Mbin, sọ́fíwíà mìíràn tó jọ Lemmy, gbọ́ èdè yìí náà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lórí PieFed fi lè dá sí ọ̀rọ̀ tó wà lórí Lemmy láìṣí àkáǹtì níbẹ̀. Nínú èdè náà, Like ni ìbò òkè, Dislike ni ìbò ìsàlẹ̀, Undo sì ni kí èèyàn fa ìbò rẹ̀ yọ.

Sáfà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ìbò tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á. Kò sí ìwé àgbà kankan níbì kankan tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Ẹ di ìyẹn mú dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn tó pọ̀ jù nísàlẹ̀ yìí ti ń wá.

Bí mo bá tẹ ọfà ìsàlẹ̀, ọ̀nà wo ni ìbò náà ń gbà?

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní sáfà tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ẹ máa rí i lára orúkọ ẹgbẹ́ náà: ohun tó tẹ̀lé àmì @ ni. Ẹ jẹ́ ká fi sáfà yẹn ṣe ààfin, ká sì fi sáfà tí àkáǹtì yín wà ṣe àdúgbò yín.

Bí ẹ bá tẹ ọfà, àdúgbò yín á kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, iye náà á sì yí lójú yín lẹ́sẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni yóò rán Dislike lọ sí ààfin. Ààfin á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé òǹtẹ̀ tó wà lára iṣẹ́ tí wọ́n rán yìí jẹ́ ti ẹni tó lóun rán an? Ṣé wọ́n ti lé ẹni náà kúrò nínú ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀? Ṣé à ń gba ìbò ìsàlẹ̀ níbí rárá? Ṣé a ti tìlẹ̀kùn mọ́ àdúgbò tó ti wá? Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ààfin á kà á, á wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò tó bá ti ní ó kéré tán ẹnì kan tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà. Announce ni ActivityPub pe ìgbésẹ̀ yìí. Ìkéde ni lóòótọ́, bí ìgbà tí akéde bá ń lu agogo láti ìta dé ìta.

Ẹ kíyè sí i pé àdúgbò yín kì í rán ìbò náà sí àdúgbò mìíràn fúnra rẹ̀. Bí ààfin bá dákẹ́, àdúgbò yín nìkan ló mọ̀ pé ẹ dìbò.

Kí ló dé tí iye tí mò ń rí fi yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ mi?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣí pósìtì kan ṣoṣo lórí sáfà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà níwájú, fóònù lọ́wọ́. Lórí sáfà tó jẹ́ ilé ẹgbẹ́ náà, iye rẹ̀ jẹ́ 36. Lórí ìkejì, 48. Lórí ìkẹta, 9. Pósìtì kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, kò sì sí èyí tó ń parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ààfin ti gba ìbò òkè 48 àti ìbò ìsàlẹ̀ 12, ó yọ ọ́, ó kù 36. Sáfà kejì kì í gba ìbò ìsàlẹ̀ rárá, nítorí náà 48 ni gbogbo ohun tó mọ̀. Ti ìkẹta ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹni àkọ́kọ́ lórí sáfà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà. Kí ó tó tẹ̀lé e, akéde kò ní ìdí láti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìbò tí wọ́n ti di sílẹ̀ kó tó dé, kò sí ẹni tó máa padà wá ka á fún wọn. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí.

Ìdí mìíràn wà. Bí sáfà yín bá ti tìlẹ̀kùn mọ́ sáfà kan, ìbò àwọn ará ibẹ̀ kò ní wọ ìwé yín, bí ààfin tilẹ̀ ti kà á tó sì ti kéde rẹ̀. Beehaw, sáfà Lemmy kan, tìlẹ̀kùn mọ́ sáfà méjì, lemmy.world àti sh.itjust.works, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí àyẹ̀wò, tí iṣẹ́ ìbójútó sì wọ àwọn alábòójútó Beehaw lọ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé Beehaw àti ti àwọn tó kù kò dọ́gba mọ́ lórí ẹgbẹ́ tí àwọn ará lemmy.world bá ti ń dìbò.

Ọ̀nà jíjìn náà wà níbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, bí Lemmy bá ń ránṣẹ́ sí sáfà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rán an: á rán ẹyọ kan, á dúró kí wọ́n fèsì pé ó ti dé, kó tó rán òmíràn. Láàárín sáfà méjì tó wà ní Jámánì, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n láti lemmy.world ní Yúróòpù dé aussie.zone ní Australia, lílọ àti bíbọ̀ gba àkókò, ìbò ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń rán. Iṣẹ́ ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ, títí aussie.zone fi rẹ̀yìn fún ọjọ́ díẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹ̀dà 0.19.6 jẹ́ kí Lemmy lè rán ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló mú ìtura wá.

Àwọn sáfà kan ò ní ọfà ìsàlẹ̀ rárá. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí èmi tí mo ní in bá tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ wọn?

Beehaw jẹ́ ọ̀kan, Blåhaj Zone jẹ́ òmíràn. Àwọn alákòóso ibẹ̀ ló pa á. Bí ẹ bá wà lórí sáfà tó ní ọfà náà, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún pósìtì nínú ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti Beehaw, ìbò yín á dé ẹnu ọ̀nà ààfin, wọn ò ní gbà á wọlé, wọn ò sì ní kéde rẹ̀. Ó lè hàn lójú yín àti lójú àwọn tí ẹ jọ wà lórí sáfà kan. Ibẹ̀ ló parí sí.

Òdìkejì rẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í rò. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ wà lórí Beehaw, tó kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ tó wà lórí sáfà mìíràn, wọ́n lè tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi rì. Kò ní rí iye náà. Yóò kàn rí i pé kò sẹ́ni tó fèsì. Mo mọ ẹni tó sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkàn òun balẹ̀. Èmi ò lè fara mọ́ ọn tán, torí tí ọ̀rọ̀ mi bá ń ṣi ọ̀nà, mo fẹ́ mọ̀.

Ṣé ìbò ìsàlẹ̀ lè pa pósìtì mi rẹ́?

Rárá. Ẹ̀yin, alábòójútó ẹgbẹ́, tàbí alákòóso sáfà nìkan ló lè pa á rẹ́. Iye ìbò kò lé ẹnikẹ́ni kúrò níbì kankan fúnra rẹ̀.

Kí ló wá ń ṣe nígbà náà?

Ipò ló ń yí. Lemmy máa ń fi iye ìbò àti ọjọ́ orí pósìtì ṣírò ibi tí yóò wà lójú àwọn tó ń kà. Ìṣirò náà rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Iye ìbò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ di logarithm, tó fi jẹ́ pé pósìtì tó ní 100 kò níyì ju èyí tó ní 10 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, bí ìlọ́po méjì péré ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi 2 kún wákàtí tí pósìtì náà ti lò, wọ́n á gbé e sí agbára 1.8, wọ́n á fi ohun tó bá jáde pín ti àkọ́kọ́. Pósìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, bíi 3.5 ni wọ́n máa fi pín in. Tó bá ti lo wákàtí mẹ́wàá, bíi 88.

Ẹ ti rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni agbára wà. Ìbò ìsàlẹ̀ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lè bo pósìtì mọ́lẹ̀ kó tó dójú àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún, nígbà tí ogún irú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, ìbò mẹ́ta ò já mọ́ nǹkan. Nínú ẹgbẹ́ tí èèyàn ogójì wà, tí mẹ́fà nínú wọn ń ṣí i lójúmọ́, ìbò mẹ́ta lè mú kí ọ̀rọ̀ kan rí bí ìgbà tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń bínú mọ̀. Ètò tí wọ́n fi ń to pósìtì, èyí tí wọ́n pè ní Active, tí Lemmy máa ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn, kì í ka wákàtí láti ìgbà tí wọ́n gbé pósìtì síta. Láti ìgbà tí èsì tó kẹ́yìn wọlé ló ti ń kà á, fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá wá tẹ ọfà ìsàlẹ̀, tó tún dúró kọ èsì ìbínú márùn-ún, ọ̀rọ̀ tó kórìíra yẹn ló ń gbé sókè.

Ti PieFed yàtọ̀ díẹ̀: ó máa ń ká èsì tí iye rẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ jù mọ́lẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí.

Ṣé àwọn èèyàn lè mọ̀ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, àfi kí ẹ má tan ara yín jẹ. Dislike tó kúrò lórí sáfà yín, àdírẹ́sì àkáǹtì yín wà lára rẹ̀ gbágbáágbá, torí bí kò bá sí níbẹ̀ ààfin kò ní mọ̀ bóyá ẹ ti dìbò tẹ́lẹ̀. Gbogbo sáfà tí ìkéde náà bá dé ló ní orúkọ yín lọ́wọ́. Ojú ìwé Lemmy kì í fi han gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n láti ẹ̀dà 0.19 ni alákòóso ti lè tẹ bọ́tìnnì kan kó rí orúkọ gbogbo ẹni tó dìbò. Ẹnikẹ́ni tó bá sì dá sáfà tirẹ̀ sílẹ̀, tó tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà, ìbò àwọn èèyàn á máa wọlé bá a nílé. Kbin, tí Mbin yà kúrò lára rẹ̀ ní 2023, tí kò sì sí ẹni tó ń bójú tó o mọ́, tilẹ̀ ti ní ojú ewé tó ń to orúkọ àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan síta gbangba nígbà ayé rẹ̀, tí àwọn ará Lemmy sì máa ń bá orúkọ tiwọn níbẹ̀.

PieFed gbìyànjú láti tún èyí ṣe ní 2024. Bí ẹ bá yan ìdìbò ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀, sáfà yín á ṣe àkáǹtì kejì fún yín, tí orúkọ rẹ̀ kò jọ tiyín, àkáǹtì yẹn ni ìbò yín á máa gbà jáde. Àwọn sáfà yòókù á rí ìbò, wọn ò ní rí yín. Alákòóso sáfà yín ṣì mọ̀ yín, ìyẹn ni wọ́n fi lè mú ẹni tó bá ń fi ìbò ṣe ìkà. Àwọn alákòóso kan lórí Lemmy kò fẹ́ èyí, wọ́n ní ó mú kí ó ṣòro fún àwọn láti rí ẹni tó ń da ìlú rú. Mo gbọ́ tiwọn. Síbẹ̀, nílé wa, níbi tí èèyàn lè wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí àna rẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí èèyàn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò dára láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ yóò rìnrìn àjò dé sáfà tí kò mọ̀.

Ẹni tó wà lórí Mastodon ńkọ́?

Mastodon jọ Twitter, ó sì gbọ́ ActivityPub náà, ṣùgbọ́n kò sí ìbò ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ìràwọ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ti Lemmy wá, Like ló ń lọ, ìbò òkè ló máa jẹ́ lọ́hùn-ún. Bí Dislike bá dé ọ̀dọ̀ Mastodon, á kàn jù ú nù. PeerTube, tí wọ́n fi ń wo fídíò, àti Friendica, tó jọ Facebook, mọ Dislike ní tiwọn.

Wọ́n ń tẹ pósìtì Yorùbá mọ́lẹ̀. Ṣé wọ́n kórìíra wa ni?

Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ ojú ìwé yìí.

Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé àwòrán àdìrẹ ìyá rẹ̀ àgbà síta, ó sì kọ ìtàn bí màmá ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ lẹ́kọ́ sára aṣọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún kà ni. Kí ogójì ìṣẹ́jú tó pé, iye rẹ̀ ti di -7. Kò sí èsì kankan. Ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

A bẹ alákòóso sáfà wa kó wo àwọn tó dìbò. Èèyàn mẹ́jọ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ (ìbò òkè kan tí Lemmy máa ń fún òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kó dúró sí -7), sáfà márùn-ún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni ojú ewé tí Lemmy pè ní All. Bí ẹnì kan ṣoṣo lórí sáfà kan bá ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ wa, gbogbo pósìtì wa yóò máa hàn nínú All ti sáfà yẹn, láàárín ọ̀rọ̀ Linux, àwòrán ológbò àti ìròyìn Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń fi ìka fa ojú fóònù lọ rí èdè tí kò gbọ́, ó tẹ ọfà ìsàlẹ̀, ó kọjá lọ. Lójú tirẹ̀, ó ń sọ fún fóònù rẹ̀ pé "má fi irú èyí hàn mí mọ́". Fóònù kò gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ìka rẹ̀ ṣe ni pé ó ti ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn sísàlẹ̀ fún àwa tí a gbọ́ Yorùbá.

Nítorí náà, n kò rò pé ìkórìíra ni. Ṣùgbọ́n ó ń dunni bí ìkórìíra, ó sì ń lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sá.

Ohun tí a ṣe rèé. Lábẹ́ ibi tí ẹ ti ń kọ pósìtì lórí Lemmy, àyè wà láti yan èdè. Yorùbá wà nínú àkójọ èdè wọn, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀. Ẹ yàn án ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ti yan èdè tó gbọ́ nínú ètò àkáǹtì rẹ̀, tí Yorùbá kò sí níbẹ̀, kò ní rí pósìtì yín mọ́, kò sì ní rí ohun tí yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò yan èdè kankan á ṣì máa rí i, nítorí náà kò ní parí tán. Alábòójútó ẹgbẹ́ náà lè fi èdè sí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń yan èdè nínú ètò àkáǹtì tiyín, ẹ má yọ èyí tí wọ́n pè ní Undetermined kúrò, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi èdè kankan sára ọ̀rọ̀ wọn, gbogbo ìwọ̀nyẹn ló máa pòórá lójú yín.

Ìkejì, ẹ máa fi ètò ìtò pósìtì tí wọ́n pè ní Scaled ka Lemmy, ó ti wà láti ẹ̀dà 0.19. Ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ kékeré sókè kí ẹgbẹ́ ńlá má bàa bo gbogbo ojú ewé.

Ìkẹta kò ní bọ́tìnnì. Bí ẹ bá ka pósìtì Yorùbá tó dára, ẹ tẹ ọfà òkè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ti rí i lókè bí ìbò àkọ́kọ́ ṣe wúwo tó. Àwa mọ́kànlá la tẹ ọfà òkè fún pósìtì àdìrẹ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì padà jókòó sórí òkè ẹgbẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Ọmọ náà ti gbé mẹ́rin mìíràn síta láti ìgbà náà.

Ẹnìkan ń tọ̀ mí lẹ́yìn, gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti dí i lọ́nà (block), kò dáwọ́ dúró.

Dídí èèyàn lọ́nà lórí Lemmy kò ju pé ẹ̀yin ò ní rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Òun ṣì ń rí tiyín, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì tó ọfà. Ohun tó lè dá a dúró ni kí alábòójútó lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, torí ààfin kì í gba ìbò ẹni tí wọ́n ti lé. Ẹ kọ̀wé sí alákòóso sáfà yín, ẹ fi pósìtì márùn-ún tàbí mẹ́fà hàn án, kó wo àwọn tó dìbò. Bí orúkọ kan náà bá wà nínú gbogbo rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn, ọ̀pọ̀ alákòóso á gbà pé ìfìtínà ni, wọ́n á sì bá alákòóso sáfà ẹni náà sọ̀rọ̀. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ síta fúnra yín kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ló ń dá ẹni tó ní àkáǹtì mẹ́wàá dúró?

Kò sí ohun tó ń dá a dúró pátápátá. Lórí sáfà kan, alákòóso lè rí i pé àkáǹtì mẹ́wàá ń rìn pọ̀. Tó bá pín wọn sórí sáfà mẹ́wàá, ó ṣòro díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn róbọ́ọ̀tì forúkọ sílẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí àwọn sáfà kéékèèké tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí èèyàn kọ ìdí tó fi fẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, ẹ má bínú, ẹ kọ gbólóhùn méjì.

Ṣé kò yẹ kí ẹgbẹ́ Yorùbá kúkú pa ìbò ìsàlẹ̀?

Lórí Lemmy tí a ń lò báyìí, ẹgbẹ́ kò lè dá a pa. Alákòóso sáfà ló ń pa á fún gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lórí sáfà rẹ̀. Lórí PieFed, ẹgbẹ́ lè yan ẹni tí yóò gba ìbò ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: gbogbo ayé, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́, àwọn ará sáfà náà nìkan, tàbí àwọn sáfà tí wọ́n fọkàn tán.

A ti jiyàn lórí èyí láàárín ara wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí a pa á, ó ní Yorùbá kì í na ọmọ àlejò. Èmi ò fẹ́. Wọ́n ti gbé oògùn èké wá sínú ẹgbẹ́ wa rí, àgbo tí wọ́n ní ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn láàárín ọjọ́ méje, alábòójútó sì ń sùn lọ́wọ́. Àwọn tó jí ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó dójú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ohun tí mo fẹ́ ni ti PieFed, kó jẹ́ pé ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́, tó gbọ́ èdè, tó ka ọ̀rọ̀ náà, ni ìbò ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wọlé. Títí a ó fi pinnu bóyá a ó ṣí lọ síbẹ̀, ọwọ́ wa ni a fi ń ṣe é.

Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ṣé mo lè fà á yọ?

Ẹ tún ọfà kan náà tẹ̀. Sáfà yín á rán Undo tẹ̀lé Dislike àkọ́kọ́, ààfin á sì kéde òun náà. Bí ẹ bá tẹ ọfà òkè dípò rẹ̀, Like á rọ́pò ìbò ti tẹ́lẹ̀, ẹ ò nílò láti kọ́kọ́ fà á yọ. Bí sáfà kan bá ti kú tàbí tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí Undo yín ń lọ, ó lè pẹ́ kó tó gbọ́, ìbò yín á ṣì wà lójú wọn títí di ìgbà náà. Lórí fóònù, tí ẹ bá ń fa ojú ewé lọ kíákíá, ìka máa ń ṣèèṣì kan ọfà náà gan-an. Ọ̀pọ̀ áàpù Lemmy ló máa ń jẹ́ kí èèyàn dìbò nípa fífi ìka gbá pósìtì sí apá kan. Ẹ wọ inú ètò áàpù yín, ẹ pa ìyẹn.